Ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn ló kú, wọ́n ní Bàbá ló ti dàgbà jù láti wakọ̀

Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, kò bá wọn jà. Ó kàn lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní Òkèihò, ó ń wo jíìpù RAV4 rẹ̀ tó wà lábẹ́ igi máńgòrò bí ẹni tó ń wo ẹran ọ̀sìn tí wọ́n ti dá iye lé. Ọmọ ọdún 72 ni. Ó fi ọdún tó lé ní 30 ṣe tíṣà kó tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ yìí ló fi ń lọ sóko, òun ló fi ń lọ sí Ìṣẹ́yìn tó bá ní nǹkan ṣe ní báǹkì, òun náà ló sì fi ń gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọsibítù fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbà.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ ni pé lọ́jọ́ kan nínú ìgbà òjò, tọkọtaya náà ń bọ̀ láti oko. Àpò gàrí mẹ́ta àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nínú búùtù. Nígbà tí wọ́n dé kọ́nà kan tí ọ̀dà ti ṣí kúrò lára ọ̀nà, tí ilẹ̀ rí págunpàgun, ìdí ọkọ̀ fò yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, díẹ̀ ló kù kó wọ gọ́tà. Ìyá pariwo. Kò sẹ́ni tó fara pa, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti dé etí àwọn ọmọ l'Ékòó. Nígbà tí àkọ́bí wọn wá lópin ọ̀sẹ̀, ó wa ọkọ̀ náà yí ìlú ká, òun nìkan, búùtù òfìfo, lórí ọ̀dà tó dán. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ní ọkọ̀ ò ní nǹkan kan tó ń ṣe é. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: “Bàámi, ẹ ti gbìyànjú. Ọwọ́ yín ti ń gbọ̀n. Ẹ jẹ́ ká bá yín wá awakọ̀.”

Ọmọ náà ò ṣe àìdára. Ìbẹ̀rù òbí ló ń dà á láàmú. Ṣùgbọ́n àìtètè m'ólè, olè ń m'ólóko. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, tí mo tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú rẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn, ìka mi ń ga, ó ń lọ sílẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fi ṣíbí bù ú jẹ níhìn-ín, wọ́n bù ú jẹ lọ́hùn-ún. Táyà tuntun ni o, kò tíì lò ju oṣù mélòó kan lọ. Mo bi ẹ̀gbọ́n pé kí ni mẹkáníìkì ti ṣe sí ọkọ̀ náà láti ọdún náà wá. Ó kà á fún mi: wọ́n ti pààrọ̀ línkéèjì iwájú, wọ́n ti ṣe aláímẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti ní kó ra táyà. Ìgbà kan wà tí wọ́n fi rọ́bà sáàárín sípírìn ẹ̀yìn kó lè ga sí i. Gbogbo ibi tí owó lè wọ̀ ni owó ti wọ̀. Kò sẹ́ni tó dúró wo ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó ṣe é ṣe kí ọkọ̀ irú èyí wà ní ilé yín náà, yálà èyí tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ni tàbí èyí tí ẹ fi owó ajẹmọ́nú rà. Toyota kọ́kọ́ gbé RAV4 jáde ní 1994, Honda sì gbé CR-V tirẹ̀ jáde ní 1995. Jíìpù la ń pè wọ́n níbí, nítorí wọ́n ga, wọ́n sì rí bọ̀ǹbọ̀. Ṣùgbọ́n jíìpù orí lásán ni. Ara Civic ni wọ́n ti yọ CR-V, ara Corolla àti Carina sì ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà lábẹ́ RAV4 àkọ́kọ́. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ Land Cruiser tó jókòó sórí irin gbọọrọ bíi ti lọ́rì. Ẹni tó bá ń kó iṣu 100 sí búùtù RAV4 lójoojúmọ́ lórí ọ̀nà oko, kó mọ̀ pé ẹsẹ̀ mọ́tò kékeré ló ń gbé ẹrù náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ kan yéra wa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ owó ń bá lọ. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀kù ló ń gbé ọkọ̀ dúró. Sípírìn ni. Bí ìdí ọkọ̀ bá ti wọlẹ̀ nígbà tí kò sí ẹrù nínú rẹ̀, tàbí tí apá kan kéré ju apá kejì lọ, sípírìn ni kí ẹ fura sí, nítorí ṣọ́ọ̀kù tuntun kò lè gbé e sókè. Iṣẹ́ ti ṣọ́ọ̀kù ni láti dá sípírìn lẹ́kun. Bí táyà bá wọ kòtò, sípírìn á sún kì, á sì fẹ́ ta padà. Tí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á máa ta, á máa kì, ọkọ̀ á máa jó lọ. Inú ṣọ́ọ̀kù ni epo wà, àti irin kan tó ní àwọn ihò tóóró pẹ̀lú fáàfù tó ń lọ sókè sódò nínú epo náà. Epo kì í fẹ́ gba inú ihò tóóró kọjá kíá, ìyẹn ló ń fa ìfò sípírìn sẹ́yìn. Agbára ìfò náà á di ooru, afẹ́fẹ́ á sì gbé ooru lọ. Tí epo bá ti jò lọ tàbí tí fáàfù bá ti jẹ, ṣọ́ọ̀kù á ṣì wà níbẹ̀, á ṣì dúdú, á ṣì gùn, àmọ́ pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ tí awọ inú rẹ̀ ti já ni.

Ìdí nìyí tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò fi rí nǹkan kan. Lórí ọ̀dà tó dán, tí ọkọ̀ ṣófo, sípírìn kò rí ohun tó máa bá a jà. Ìgbà tí ẹrù bá wà lẹ́yìn, tí ọ̀nà sì rí gálọ́ọ̀pù bí ojú pákó ìfọṣọ, ni táyà ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Táyà tó bá wà lófurufú kò di ilẹ̀ mú. Bí èèyàn bá tẹ búréèkì nígbà náà, ọkọ̀ á pẹ́ kó tó dúró. Bó bá wà ní kọ́nà, ìdí á yẹ̀. Awakọ̀ á wá máa yí ṣíárìn sọ́tùn-ún sósì láti fi dá ọkọ̀ padà. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ á sì rò pé ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbọ̀n.

Báwo la ṣe ń mọ̀ ọ́n? Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni kí èèyàn fi gbogbo ara tẹ igun ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, kó wá yọwọ́. Ó yẹ kí ọkọ̀ dìde, kó sì jókòó jẹ́ẹ́. Bó bá ń jó lọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ṣọ́ọ̀kù igun yẹn ti lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo ọkàn tẹ̀ lé e. Ṣọ́ọ̀kù tó ti kú pátápátá nìkan ni ó máa ń fi hàn. Èyí tó kú lápá kan lè yege níbẹ̀, kó sì já yín kulẹ̀ lọ́nà. Ti ẹ̀gbọ́n gan-an, ìgbà tí mo tẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó jókòó dáadáa. Ti òsì ló jó.

Mo fẹ́ràn kí n wo abẹ́ ọkọ̀ ju kí n tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ara ṣọ́ọ̀kù. Bí ẹ bá rí i pé ara rẹ̀ kàn tutù díẹ̀ lókè, bí ẹni làágùn, ìyẹn kò tíì burú. Epo tín-ín-rín máa ń tẹ̀ lé irin inú rẹ̀ jáde. Bó bá jẹ́ pé epo ti ṣàn wá sísàlẹ̀, tí eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn, tó dà bí amọ̀ dúdú, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo òkè rẹ̀ dáadáa ná, kó má jẹ́ pé epo búréèkì ló ń kán sí i, tàbí epo gíà ẹ̀yìn lára ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fa. Ẹ wo irin dídán tó ń wọ inú rẹ̀: bó bá ti dípẹtà tàbí tó ní ojú ọgbẹ́, yóò gé rọ́bà ìdérí, epo yóò sì jò. Ẹ wo rọ́bà tó wà ní orí àti ní ìdí ṣọ́ọ̀kù, bóyá ó ti ya. Ẹ wo rọ́bà ìdádúró tí ó máa ń wà níbi tí irin á ti kan òpin. Ti ẹ̀gbọ́n ti rún bí àkàrà àná.

Ẹ̀tàn kan wà tí àwọn mẹkáníìkì àgbà máa ń lò, ó sì dára púpọ̀. Ẹ wa ọkọ̀ lórí ọ̀nà tí kò dára fún bíi ìṣẹ́jú 15, ẹ dúró, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ara ṣọ́ọ̀kù méjèèjì díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣọ́ra, ó lè gbóná, ẹ má sì fọwọ́ kan páìpù èéfín. Ṣọ́ọ̀kù tó bá ń ṣiṣẹ́ á gbóná, nítorí mo ti sọ pé ooru ni iṣẹ́ rẹ̀ ń dà. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì sì tutù bí ìkòkò àmù, èyí tó tutù ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀nà míì ni kí ẹlòmíì wa ọkọ̀ náà, kí ẹ̀yin wà nínú ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé e, kí ẹ máa wo táyà ẹ̀yìn. Ohun tí mo ṣe fún ọmọ ẹ̀gbọ́n nìyẹn. Mo ní kí bàbá rẹ̀ wa RAV4 náà pẹ̀lú àpò gàrí mẹ́ta nínú búùtù, mo gbé ọmọ sínú ọkọ̀ tèmi, a tẹ̀ lé e lọ sójú ọ̀nà oko. Táyà òsì ń fò lórí gálọ́ọ̀pù bí ọ̀pọ̀lọ́. Ọmọ náà wò ó títí, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì sọ fún Bàámi pé mo rí i.”

Ariwo ń kọ́? Ariwo ń tan èèyàn jẹ. Bí ẹ bá ń gbọ́ kò-kò-kò kíkankíkan lórí òkúta kéékèèké, ó lè jẹ́ línkéèjì tàbí bọ́ṣìn, kó má jẹ́ ṣọ́ọ̀kù rárá. Ẹ di línkéèjì mú kí ẹ mì ín. Bó bá ń mì gẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀, ìdáhùn nìyẹn. Ìró gbì-gbì wíwúwo nígbà tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò ńlá tàbí orí búmpù ń sọ pé ẹsẹ̀ ti kan òpin: rọ́bà ìdádúró ti lọ, tàbí sípírìn ti rẹ̀, tàbí ẹrù ti pọ̀ jù. Táyà tó jẹ ní bíbù bíbù náà lè wá láti inú táyà tí wọn kò bálánsì tàbí bérìn tó ti jẹ. Ẹ̀rí méjì mẹ́ta ni kí ẹ kó jọ kí ẹ tó náwó. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ṣọ́ọ̀kù máa ń gba èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa nígbà tó bá ti rìn tó 80,000 kìlómítà. Tòkúnbọ̀ tó bá fi máa kan ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti kọjá iye yẹn, ọ̀nà tiwa kò sì ní ojú àánú.

Ó wá kan rírà. Ọjọ́ kejì ni èmi àti ẹ̀gbọ́n gba ọ̀nà Ìṣẹ́yìn àti Mọ́níyà wọ Ìbàdàn, a lọ sí Géètì níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ará Èkó á lọ sí Ládípọ̀ ní Múṣín. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ nọ́ńbà ṣáṣì ọkọ̀ yín sílẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú J, Japan ni wọ́n ti ṣe é. 1, 4 tàbí 5 jẹ́ ti Amẹ́ríkà. 2 jẹ́ ti Kánádà. Èyí ṣe pàtàkì, torí kì í ṣe ibì kan náà ni gbogbo RAV4 ti wá. Láti 2008 ni wọ́n ti ń ṣe é ní ìlú Woodstock ní Kánádà pẹ̀lú ti Japan. Ti táyà méjì tó ń fa àti ti mẹ́rin tó ń fa lè má lo ẹ̀yà ara kan náà, èyí tó ní ìjókòó ìlà kẹta náà lè yàtọ̀. Ẹni tó bá kàn débẹ̀ tó ní “ẹ fún mi ní ṣọ́ọ̀kù RAV4”, èyí tó wà nílẹ̀ ni wọ́n máa tà fún un.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi lọ̀ wá. Àkọ́kọ́ ni tòkúnbọ̀, tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti forí sọ nǹkan lókè òkun. Owó rẹ̀ kò pọ̀, òǹtajà á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójú yín, á ní “ẹ wo bó ṣe le”. Wọ́n á ti nù ún, wọ́n á ti fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Èmi kì í rà á mọ́. Mo ra irú rẹ̀ fún CR-V mi nígbà kan. Oṣù kẹrin ni mo tún padà síbẹ̀, owó iṣẹ́ tí mo san lẹ́ẹ̀mejì sì mú kó wọ́n ju tuntun lọ. Èkejì burú jùyẹn lọ: ògbólógbòó tí wọ́n lu nihò, tí wọ́n rọ epo sínú rẹ̀, tí wọ́n sì jó ihò náà pa. Epo tí kò yẹ ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń rọ sí i. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kù ìsinsìnyí ní gáàsì tí wọ́n fún mọ́ inú rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi iná jó irú nǹkan bẹ́ẹ̀, bọ́ǹbù kékeré ló gbé lọ́wọ́. Ẹ má gbà á, kódà bí wọ́n bá fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ.

Ẹ̀kẹta ni tuntun, ọ̀fìn sì wà nínú ìyẹn náà. Orúkọ tí gbogbo ọjà mọ̀ ni KYB, ilé-iṣẹ́ ará Japan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1919, tí àwọn ìyá òǹtajà ń pè ní Kàyábà. Òun náà ni orúkọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Monroe wà pẹ̀lú, orúkọ ìlú kan ní Michigan ní Amẹ́ríkà ni. Bilstein sì wá láti Jámánì. Orúkọ tó bá lókìkí ni ayédèrú ń lẹ̀ mọ́. Láti 2005 ni àjọ SON ti ń béèrè ìwé ẹ̀rí SONCAP lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ọjà wọlé, síbẹ̀ ojú yín ni kí ẹ fi ṣọ́ra yín. Ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà ara páálí bá èyí tí wọ́n tẹ̀ sára irin mu. Ẹ wo ojú ìjó irin, bóyá ó tẹ́jú. Ẹ gbé e sọ́wọ́ kí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ sí ògbólógbòó tiyín. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ẹ̀gbọ́n pé ká tú ọ̀kan dání lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé kí ẹ sì fà á jáde: kò gbọdọ̀ ha, kò sì gbọdọ̀ ní ibi kankan tó rọ̀ lójijì. Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ nọ́ńbà náà sí.

Òǹtajà kan fẹ́ kí a ra èyí tó le jù, ó ní ti eléré ìje ni, pé ọ̀nà tiwa ló yẹ. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ gbà. Mo ní rárá. Ṣọ́ọ̀kù tó bá le ju sípírìn lọ kì í jẹ́ kí táyà ráyè tẹ̀ lé ilẹ̀, gbogbo òkúta ọ̀nà á sì wá máa dún nínú eegun ẹ̀yìn àgbàlagbà. Irú èyí tí ilé-iṣẹ́ fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ló tó fún ẹni tó ń lọ oko tó ń bọ̀. Méjèèjì la rà, ti ọ̀tún àti ti òsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti òsì nìkan ló kú tán. Bí ọ̀kan bá le tí èkejì rọ̀, ọkọ̀ á máa tẹ̀ sápá kan tí awakọ̀ bá tẹ búréèkì ní kọ́nà. A ra rọ́bà ìdádúró àti ìbòrí eruku pẹ̀lú. Kékeré ni owó wọn, ẹni tó bá sì fi ti àtijọ́ sórí tuntun kò tíì ṣe iṣẹ́ náà tán.

Nípa fífi sí i, ó yẹ kí ẹ mọ irú èyí tí ọkọ̀ yín ní, torí ẹ̀mí wà níbẹ̀. Lára RAV4 ti 2006 sí 2012, bíi ti ẹ̀gbọ́n, sípírìn ẹ̀yìn wà lọ́tọ̀, ṣọ́ọ̀kù wà lọ́tọ̀. Iṣẹ́ náà kò le. Lára CR-V ti 2002 sí 2006, sípírìn wé mọ́ ara ṣọ́ọ̀kù. Kí wọ́n tó lè yọ ọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ tí a ṣe fún un fún sípírìn náà pọ̀. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tó fi wáyà àti okùn dè é. Bí sípírìn tí a fún pọ̀ bá já, kò sí ẹni tó lè sọ ibi tó máa bá lọ, ojú àti àgbọ̀n sì ni ó sábà máa ń kọjú sí. Bí mẹkáníìkì kò bá ní ẹ̀rọ náà, ẹ wa ọkọ̀ yín kúrò níwájú rẹ̀.

Ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Ìbàdàn, ẹni tó ti fi irun funfun ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, ló bá wa ṣe é. Ó gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó fi òkúta dí táyà iwájú, ó sọ nọ́ọ̀tì táyà di dẹ̀ẹ̀rẹ̀ kó tó gbé jáàkì sí i. Lẹ́yìn náà ló gbé ọkọ̀ jókòó sórí sítáǹdì irin. Ó ní jáàkì kì í ṣe òpó ilé, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Ó ti fún epo aṣípẹtà sí àwọn bóòtì láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, síbẹ̀ bóòtì ìsàlẹ̀ ti òsì fẹ́ gbàbọ̀dè. Ọmọ iṣẹ́ ní kí àwọn mú iná gáàsì wá. Ọ̀gá kọ̀. Ó ní èèyàn kì í dáná sún mọ́ ṣọ́ọ̀kù, ó tún fún epo sí i, ó jẹun, ó padà wá fi páìpù gígùn mú sípánà, ó sì tú.

Kí ó tó fa bóòtì yẹn yọ, ó fi jáàkì kejì gbé apá ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ dúró. Mo ní kí ẹ fi etí sí èyí, nítorí ṣọ́ọ̀kù ló ń dí ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́ kó má baà sọ̀ kalẹ̀ jù. Bí wọ́n bá yọ ọ́ láìgbé ẹsẹ̀ dúró, ẹsẹ̀ á já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á fa ọ̀pá búréèkì ya, sípírìn sì lè fò jáde. Nígbà tó yọ ògbólógbòó jáde, ó gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ kan tẹ̀ ẹ́ wọlé bí ẹni tẹ ẹ̀kọ. Ó dúró síbẹ̀, kò jáde mọ́. Ó yí i sódì, epo dúdú kán sí sálúbàtà rẹ̀. Ó wò mí, ó ní: “Èyí ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi?”

Ṣọ́ọ̀kù tuntun kì í ti inú páálí bọ́ sára ọkọ̀ tààrà. Ọ̀gá gbé e dúró ṣánṣán, ó fà á jáde pátápátá, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé pátápátá, bíi ìgbà márùn-ún, kí afẹ́fẹ́ tó há sínú epo lè jáde. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ fẹ́ fi páyà di irin dídán náà mú kó má yí, ó gbá a lọ́wọ́. Ojú ọgbẹ́ kan ṣoṣo lára irin yẹn á gé rọ́bà láàárín oṣù díẹ̀. Ó so ti òkè, ó so ti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì fún wọn pa. Ó dá táyà padà, ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ó jẹ́ kó jókòó sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì wá wọ abẹ́ rẹ̀ lọ fún bóòtì pa pẹ̀lú sípánà tó ń wọn agbára. Bí a bá fún un nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì wà lófurufú, rọ́bà ìdí ṣọ́ọ̀kù á lọ́ mọ́ra ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀, á sì tètè ya. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í ṣe èyí. Ẹ dúró tì wọ́n, kí ẹ sì fi pẹ̀lẹ́tù sọ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ yín ni.

Ó tún yọ rọ́bà tí wọ́n fi sáàárín sípírìn. Ó ní sípírìn ọkọ̀ náà kò tíì rẹ̀, pé rọ́bà yẹn kàn ń mú kó le, kò sì sí ohun tó fi dá ìfò rẹ̀ lẹ́kun. Kò ní kí a ṣe aláímẹ́ǹtì, torí kò fọwọ́ kan ibi tó ń yí ojú táyà padà. Táyà méjì tó ti jẹ kò ṣe é tún ṣe. A gbé wọn lọ síwájú fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń kùn wùù lórí ọ̀dà, ẹ̀gbọ́n sì mọ̀ pé òun máa ra òmíràn kí òjò tó tún dé.

Òun ló wakọ̀ padà sílé. Mo jókòó lẹ́yìn, nítorí mo fẹ́ mọ bí ìdí rẹ̀ ṣe rí lára. Nígbà tí a dé kọ́nà tó gálọ́ọ̀pù yẹn, ọkọ̀ náà dún gbì lẹ́ẹ̀kan, ó sì jókòó. Kò yẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di ṣíárìn mú, ó fi èkejì nawọ́ sí gọ́tà hàn mí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo padà lọ sí Òkèihò pẹ̀lú sípánà, torí ọ̀gá ní kí a tún bóòtì náà yẹ̀ wò nígbà tó bá ti rìn díẹ̀. Mo bá ọkọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, eruku oko bò ó, ẹ̀wù iṣu méjì wà nínú búùtù. Àkọ́bí ti ránṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ padà pẹ̀lú awakọ̀ danfo. Bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró bí a ṣe fún wọn. Ara ṣọ́ọ̀kù méjèèjì gbẹ. Ẹ̀gbọ́n kò sí nílé. Ìyàwó rẹ̀ ní ó ya ọkọ̀ aládùúgbò wò, pé ìdí tirẹ̀ náà ń jó.